Òwúrọ̀ Nìkan Kò Tó Fi Mọ Bí Ọjọ́ Yóò Ti Rí

Nígbà tí àwọn Yorùbá bá ń ṣe ìwúre fún ènìyàn, ọ̀kan nínú ohun tí wọn kì í gbàgbé ni pé kí alẹ́ onítọ̀hún sàn ju òwúrọ̀ rẹ̀ lọ. Ọgbọ́n ńlá ni ó wà nínú àdúrà kékeré yìí. Àwọn àgbà ti rí i pé òwúrọ̀ a máa mọ́ kedere, kí òjò sì dé ní ọ̀sán. Wọ́n sì ti rí i pé kùrukùrù a máa bo ojú ọ̀run ní òwúrọ̀, kí oòrùn sì ràn kí ó tó di ìrọ̀lẹ́. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi í yára yin ẹni tí nǹkan kọ́kọ́ dùn fún, tí wọn kì í sì í yára pẹ̀gàn ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ kọ ní àkọ́jáde.

Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá dé pápá ìṣeré, ńṣe ni ó ń fi ọgbọ́n yìí sílẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Kí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan borí ní ẹ̀ẹ̀mẹta ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí jó bí ẹni pé ife-ẹ̀yẹ ti wọlé. Kí ẹgbẹ́ mìíràn sì pàdánù ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ariwo a sọ, wọn a ní akọ́nimọ̀ọ́gbá kò mọ nǹkan kan, wọn a ní àwọn agbábọ́ọ̀lù ti dàgbà jù, wọn a ní kí wọ́n tú gbogbo ẹgbẹ́ náà ká. Irú ìdájọ́ àkàyára bẹ́ẹ̀ kò dára. Ó ń tan ẹni tí ó ń dá a jẹ, ó sì lè gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni tí kò ṣẹ̀. Eré bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà yóò jẹ́rìí sí i.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ni dáadáa, ó yẹ kí a mọ bí wọ́n ti ń ṣe eré ọ̀hún. Agbábọ́ọ̀lù márùn-ún ní í wà lórí pápá fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù náà mọ́lẹ̀ bí wọ́n ti ń sáré, ọwọ́ náà ni wọ́n sì fi ń jù ú sínú àwọ̀n tí a so mọ́ òrùka irin lókè. Líìgì tí ó lókìkí jù lọ nínú eré yìí ni NBA. Ẹgbẹ́ 30 ni ó wà nínú rẹ̀ nísinsìnyí, iṣẹ́ òòjọ́ sì ni eré náà jẹ́ fún àwọn tí ń gbá a. Láti oṣù kẹwàá ọdún títí di oṣù kẹrin ọdún tí ó tẹ̀lé e, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan a gbá bọ́ọ̀lù ní ìgbà 82, ìdajì rẹ̀ nílé, ìdajì rẹ̀ ní àjò. Lẹ́yìn èyí ni àwọn tí ó ṣe dáadáa jù lọ yóò wọ ìdíje àṣekágbá. Níbẹ̀, ẹgbẹ́ méjì a máa kojú ara wọn léraléra títí ọ̀kan yóò fi borí ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ẹgbẹ́ tí yóò gba ife ní láti borí ẹgbẹ́ mẹ́rin báyìí, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ kan bá ti gbá bọ́ọ̀lù ní ìgbà 10, kò tíì rin ìdá kan nínú ìdá mẹ́jọ ọ̀nà tí ó fẹ́ rìn. Òjò tí ń rọ̀ kò tíì dá; ta ni ó lè ka iye ẹni tí yóò pa?

Àpẹẹrẹ tí ó súnmọ́ ilé ni ti ẹgbẹ́ Houston Rockets ní sáà 1993 sí 1994. Ó súnmọ́ ilé nítorí pé ọmọ Yorùbá ni òpómúléró ẹgbẹ́ náà. Hakeem Ọlájuwọ́n ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1963. Nígbà tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ní Èkó, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni ó kọ́kọ́ mọ̀, aṣọ́lé sì ni. Ó ti di ọ̀dọ́langba kí ó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n. Ní 1980 ni ó ré òkun kọjá lọ sí Yunifásítì Houston. Nígbà tí ó sì di 1984, tí àwọn ẹgbẹ́ NBA ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n mú. Ẹni tí ó bá fi ìbẹ̀rẹ̀ nìkan wọn ọmọkùnrin yìí kì bá tí kà á sí, nítorí pé àwọn ojúgbà rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti ń ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n láti kékeré.

Bí Houston ti bẹ̀rẹ̀ sáà náà ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu. Ìgbà 15 ni wọ́n gbá bọ́ọ̀lù tí wọn kò pàdánù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹgbẹ́ kan péré ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sáà bẹ́ẹ̀ rí, èyíinì ni Washington Capitols ní 1948. Ìlú New York ni Houston ti borí nígbà kẹẹ̀ẹ́dógún, ẹgbẹ́ Knicks tí ó lágbára gidigidi ni wọ́n sì borí. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ní ìlú Atlanta, àmì ayò 133 sí 111 ni wọ́n fi nà wọ́n. Wọ́n tún gbéra, wọ́n borí títí ó fi di pé nínú ìgbà 23 tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n pàdánù.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí ṣe ìṣirò. Bí ẹgbẹ́ tí ó borí ní ìgbà 22 nínú 23 bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ó borí ní nǹkan bí ìgbà 78 nínú 82. Ṣùgbọ́n nígbà tí sáà parí, ìgbà 58 ni Houston borí. Èyí ni pé nínú ìgbà 59 tí ó kù, wọ́n borí ní 36, wọ́n sì pàdánù ní 23. Ẹgbẹ́ kan náà ni, akọ́nimọ̀ọ́gbá kan náà ni, Rudy Tomjanovich. Ìbẹ̀rẹ̀ kò purọ́, ṣùgbọ́n kò sọ gbogbo òtítọ́.

Ìdíje àṣekágbá ni ó wá fi ohun tí ó wà nínú wọn hàn. Ẹgbẹ́ Phoenix Suns wá bá wọn nílé, wọ́n sì nà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra. Ìbẹ̀rẹ̀ burúkú nìyí, síbẹ̀ Houston dìde, wọ́n sì borí Phoenix ní ẹ̀ẹ̀mẹrin sí ẹ̀ẹ̀mẹta. Nígbà tí wọ́n kan Knicks níkẹyìn, New York ti borí ní ẹ̀ẹ̀mẹta, Houston ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ní ìgbà kẹfà, àmì 86 sí 84 ni Houston fi wà níwájú nígbà tí John Starks ti Knicks ju bọ́ọ̀lù tí ó lè parí ọ̀rọ̀ náà. Ọlájuwọ́n fò sókè, orí ìka ọwọ́ rẹ̀ kan bọ́ọ̀lù náà, kò sì dé inú àwọ̀n. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 1994, Houston borí ní ìgbà keje pẹ̀lú àmì 90 sí 84, ife náà sì di tiwọn fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní sáà kan ṣoṣo yìí ni Ọlájuwọ́n gba oyè agbábọ́ọ̀lù tí ó yẹ jù lọ, ti ẹni tí ó mọ bí a ti ń dènà ọ̀tá jù lọ, àti ti ẹni tí ó ṣe jù lọ nínú àṣekágbá. Nínú oyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tí wọ́n fún un nítorí ìgbà 15 àkọ́kọ́.

Sáà tí ó tẹ̀lé e tún kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Houston borí ní ìgbà mẹ́sàn-án àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni agbára wọn bẹ̀rẹ̀ sí fà sẹ́yìn. Ní oṣù kejì ọdún 1995, wọ́n fi Otis Thorpe, ọ̀kan nínú àwọn akọni wọn, pààrọ̀ Clyde Drexler tí òun àti Ọlájuwọ́n jọ gbá bọ́ọ̀lù ní Yunifásítì. Gbogbo ènìyàn lérò pé ọ̀nà ti là. Ṣùgbọ́n nínú ìgbà 35 tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn pàṣípààrọ̀ yìí, wọ́n borí ní 17, wọ́n pàdánù ní 18. Nígbà tí sáà parí, ìgbà 47 péré ni wọ́n borí, ipò kẹfà ni wọ́n sì wà ní apá ìwọ̀-oòrùn. Utah, Phoenix, San Antonio àti Orlando tí wọ́n bá pàdé nínú àṣekágbá ni ó ti borí jù wọ́n lọ nínú sáà náà. Houston sì borí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Orlando tí wọ́n kàn níkẹyìn kò rí ẹyọ kan gbà lọ́wọ́ wọn. Títí di ìgbà náà, kò sí ẹgbẹ́ tí ipò rẹ̀ rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó gba ife NBA rí.

Bí ẹnì kan bá ní ti Houston jẹ́ àkànṣe, kí ó wo àwọn yòókù. Washington Capitols tí ó kọ́kọ́ borí ní ìgbà 15 láìpàdánù, ìgbà 38 péré ni ó borí nínú 60 tí wọ́n ń gbá nígbà náà, Minneapolis Lakers ni ó sì gba ife mọ́ ọn lọ́wọ́ ní 1949. Ní 2015, ẹgbẹ́ Golden State Warriors ṣe ju gbogbo wọn lọ: ìgbà 24 ni wọ́n borí kí ẹnikẹ́ni tó nà wọ́n. Nígbà tí sáà parí, wọ́n ti borí ní ìgbà 73, wọ́n sì ti kọjá 72 tí Chicago Bulls fi lélẹ̀ ní 1996. Nínú àṣekágbá, wọ́n borí Cleveland ní ẹ̀ẹ̀mẹta, Cleveland borí wọn ní ẹ̀ẹ̀kan. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kí ife di tiwọn. Cleveland borí ní ẹ̀ẹ̀mẹta tẹ̀léra, ó sì gbé ife lọ. Ní ìdà kejì ẹ̀wẹ̀, Boston Celtics ti sáà 2021 sí 2022, tí Ime Udoka tí baba rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà ń kọ́, ti pàdánù ní ìgbà 21, wọ́n sì borí ní 18 péré ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kìíní ọdún 2022. Nínú ìgbà 43 tí ó kù, wọ́n borí ní 33, wọ́n sì dé àṣekágbá pátápátá kí Golden State tó borí wọn.

Kí ni ó dé tí ìbẹ̀rẹ̀ fi ń tan ènìyàn jẹ báyìí? Ìdí àkọ́kọ́ ni bí wọ́n ti pín àwọn ọjọ́ eré. Ẹgbẹ́ kan lè máa gbá bọ́ọ̀lù nílé lọ́wọ́ àwọn aláìlágbára, kí ẹlòmíràn sì wà nínú ọkọ̀ òfurufú láti ìlú kan dé èkejì. Houston borí ní New York lálẹ́, ó sì ní láti tún gbá bọ́ọ̀lù ní Atlanta ní alẹ́ kejì. Ẹsẹ̀ tí ó rẹ̀ kò lè sá bí ẹsẹ̀ tí ó sinmi. Ìdí kejì ni ìfarapa. Ẹni tí ó le koko ní oṣù kọkànlá lè máa tiro ní oṣù kejì ọdún. Ìdí kẹta ni pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, ọwọ́ kì í sì í gbájọ lọ́jọ́ kan. Agbábọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ẹnìkejì rẹ̀ yóò dé kí onítọ̀hún tó dé ibẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni yóò ju bọ́ọ̀lù sí. Drexler àti Ọlájuwọ́n mọ ara wọn láti ìgbà èwe, síbẹ̀ ó pẹ́ kí ìrìn ẹgbẹ́ náà tó bára mu. Ìdí kẹrin ni pé ohun kékeré ni ó máa ń wà láàárín ìborí àti ìpàdánù. Bọ́ọ̀lù tí ó kan etí òrùka irin lè yí wọlé, ó sì lè yí síta. Nínú ìgbà mẹ́wàá, oríire lè gbe ẹnì kan. Nínú ìgbà 82, ìwà oníkálukú yóò hàn.

Ibi tí ìdájọ́ àkàyára ti ń di ohun ìbànújẹ́ ni ìgbà tí ó bá kan iṣẹ́ ènìyàn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2017, ẹgbẹ́ Phoenix Suns pàdánù ní ẹ̀ẹ̀mẹta àkọ́kọ́ nínú sáà. Lóòótọ́, ìpàdánù náà burú. Àmì 124 sí 76 ni Portland fi nà wọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n sáà kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi lé Earl Watson, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ìgbà 79 ni ó ṣì kù. Kí ni èrè rẹ̀? Nígbà tí sáà parí, ìgbà 21 ni Phoenix borí, ó sì pàdánù ní 61. Nínú gbogbo ẹgbẹ́ 30, kò sí èyí tí ó borí kéré tó bẹ́ẹ̀. Bí ilé bá ń jò, tí a lé ẹni tí ń gbá ilẹ̀ rẹ̀ jáde, ṣé òjò yóò tìtorí ìyẹn dá?

Àwọn kan yóò jiyàn. Wọn yóò ní ìborí oṣù kọkànlá kò yàtọ̀ sí ìborí oṣù kẹrin nígbà tí wọ́n bá ń ka iye. Òtítọ́ ni. Wọn yóò tún ní àwọn mìíràn wà tí ìbẹ̀rẹ̀ wọn jọ òpin wọn: Philadelphia 76ers pàdánù ní ìgbà 18 tẹ̀léra ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà 2015 sí 2016, nígbà tí sáà náà sì parí, ìgbà 10 péré ni wọ́n borí. Èyí náà kò ṣeé sẹ́. Wọn yóò sì tọ́ka sí Cleveland tí ó lé David Blatt, akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀, ní oṣù kìíní ọdún 2016, tí ó fi Tyronn Lue rọ́pò rẹ̀, tí ó sì gba ife ní ọdún náà gan-an.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n wo ọ̀rọ̀ Cleveland náà dáadáa. Nígbà tí wọ́n lé Blatt, ẹgbẹ́ náà ti borí ní ìgbà 30, ó sì pàdánù ní 11 péré. Bí ó bá jẹ́ pé iye ìborí nìkan ni àwọn aláṣẹ ń kà, oyè ni wọn ì bá fi í jẹ. Ìdajì sáà gbáko ni wọ́n ti fi wo bí ẹgbẹ́ náà ti ń rìn kí wọ́n tó ṣe ohun tí wọ́n ṣe. Ènìyàn lè ní wọn kò ṣàánú, ṣùgbọ́n kò lè ní wọn kò wò ó kí wọ́n tó gé e. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìgbà mẹ́ta àti ìgbà 41 nìyẹn.

Nítorí náà, kì í ṣe pé kí ènìyàn di ojú sí ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó yẹ ni pé kí ó mọ ohun tí ó ń wò. Iye ìborí nìkan kò tó. Ṣé àwọn agbábọ́ọ̀lù ń sáré padà láti dènà nígbà tí bọ́ọ̀lù bá bọ́ lọ́wọ́ wọn? Ṣé wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tí àyè ṣí sílẹ̀ fún, àbí olúkúlùkù ń wá ògo ara rẹ̀? Bí wọ́n bá pàdánù, ṣé ẹni tí ó ju tiwọn lọ ni ó nà wọ́n, àbí ọ̀lẹ ni ó nà wọ́n? Bí àṣìṣe àná bá tún wáyé lónìí, ó yẹ kí ọkàn ènìyàn má balẹ̀, àní bí ẹgbẹ́ náà bá tilẹ̀ borí. Bí àṣìṣe bá sì ń dín kù lójoojúmọ́, ìrètí wà, àní bí wọ́n bá tilẹ̀ pàdánù. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹgbẹ́ tí ń wo ẹ̀yìn láti mọ ohun tí ó gbé òun ṣubú ni ó yẹ kí a fún ní àyè.

Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni ó yẹ kí wọ́n mú ẹ̀kọ́ yìí lò jù lọ. Ní ìdánwò sáà kìíní ọdún, ọmọ kan lè gba ipò kìíní, kí ìgbéraga sì wọ̀ ọ́, kí ó pa ìwé tì. Ọmọ mìíràn lè wà ní ìsàlẹ̀ kíláàsì, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, kí òun náà sì gbà pé olódo ni òun. Àwọn méjèèjì ni ó ti ṣi òwúrọ̀ mú fún alẹ́. Ipò kìíní náà kò burú. Ohun tí ó burú ni kí ènìyàn jókòó tì í. Ìsàlẹ̀ kíláàsì náà kì í ṣe ibùgbé àìkúrò. Ẹni tí ó bá mọ ibi tí ó ti ṣì í yóò gòkè.

Ẹgbẹ́ tí ó borí ní ìgbà 15 ṣì ní láti jí ní ọjọ́ kẹrìndínlógún kí ó gbá bọ́ọ̀lù. Ẹgbẹ́ tí ó pàdánù ní ìgbà 15 ní láti jí bákan náà. Àwọn tí ń wò wọ́n ni ó yẹ kí wọ́n ní sùúrù, kí wọ́n pa ahọ́n mọ́, kí wọ́n sì jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú kí wọ́n tó sọ irú ọjọ́ tí ó jẹ́.